Àwọn Ọta Òkè Ààrò

Ìbọn méjì péré ni ìjọba ìbílẹ̀ fi síkàáwọ́ Mudzingwa, bẹ́ẹ̀ abúlé bíi mẹ́fà ló ń bá ṣọ́ oko lọ́wọ́ ẹranko. Ọ̀kan ni 458, tí wọ́n ń pè ní ìbọn ńlá, tí ọta rẹ̀ sanra tó àtàǹpàkò àgbàlagbà. Èkejì ni 375, tí àwọn ará abúlé Nyamhara ń pè ní ìbọn kékeré, àfi bíi pé ohun tó lè gbẹ̀mí ẹfọ̀n ṣeé pè ní kékeré. Orúkọ yẹn máa ń bí Mudzingwa nínú díẹ̀, torí pé ìbọn kékeré yìí kò já a kulẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní àfonífojì Dande, bí erin bá pa èèyàn, ìbọn ńlá ni gbogbo ayé ń retí láti rí ní èjìká ọdẹ. Bí o bá gbé kékeré jáde, àwọn obìnrin á máa wò ọ́ bí ẹni tó ń lọ pa òkété.

Ìdílé Erin ni wọ́n bí Mudzingwa sí. Erin ni wọ́n fi ń kì í láti kékeré, ọmọ Erin kì í sì í jẹ ẹran erin, kódà kí ebi máa pa á kú lọ. Ohun tí àwọn ọ̀gá ìjọba ìbílẹ̀ rí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́: wọ́n ní ọdẹ tí kò lè fẹnu kan ẹran tó pa kò ní í pa ju bó ti yẹ lọ. Wọn ò sì ṣì í mú. Nígbàkigbà tó bá pa erin, á lóṣòó síwájú rẹ̀, á rọra pàtẹ́wọ́, á bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ bàbá rẹ̀, á wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn ọlọ́bẹ àti alágbọ̀n tó dé. Gbogbo abúlé á máa sun ẹran, òun á máa fi ọbẹ̀ ilá jẹ sadza, òkèlè àgbàdo wọn, nílé. Wọ́n máa ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fẹ́ gbé ìyàwó, kò ní màlúù tí yóò fi san owó orí. Bàbá rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n kò sí. Ó wá ṣe bí àwọn aláìní ti ń ṣe ní àfonífojì náà: ó lọ ń gbé ní ọ̀dọ̀ bàbá ìyàwó, ó ń bá a roko, ó ń bá a kọ́lé, ọdún ń gorí ọdún, títí wọ́n fi sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tó, kó máa mú ọmọ lọ. Obìnrin náà ni wọ́n wá ń pè ní Ìyá Rugare, orúkọ àkọ́bí wọn, tó ti wà nílé ọkọ báyìí.

Ní gbogbo ọdún tó fi sin àna yẹn, àbúrò ìyàwó rẹ̀ kékeré kan wà tó ń jẹ́ Fanuel. Ọrùn Mudzingwa ni Fanuel fi ṣe ẹṣin. Orí ọrùn yẹn ló wà tó fi mọ ipasẹ̀ ìgalà yàtọ̀ sí ti àgbọ̀nrín, orí rẹ̀ náà ló sì máa ń sùn sí bí oòrùn bá mú. Ṣùgbọ́n àna ni àna ń jẹ́. Níbẹ̀, arákùnrin ìyàwó ẹni, ì báà ṣì máa mu ọmú, bàbá ni. Mudzingwa á nu imú ọmọ náà tán, á tún lóṣòó, á pàtẹ́wọ́ kí i, á máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Fanuel náà mọ̀ pé nǹkan dùn. Ó ti gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń bi ọkọ ọmọ léèrè nígbà tí ẹbí bá jókòó, ló bá sọ ọ́ di eré. Bí Mudzingwa bá ti mí kanlẹ̀ nínú oòrùn, ohùn tín-ín-rín kan á wá láti òkè orí rẹ̀: "Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé o lẹ́jọ́ tó o fẹ́ fi sùn?" Dandan ni kí Mudzingwa dáhùn pé, "Rárá o, àna mi." Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín.

Fanuel dàgbà, ó hu irùngbọ̀n, ó di ọdẹ ìjọba ìbílẹ̀ ní agbègbè kejì, kò fi eré náà sílẹ̀. Eré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ló wà nídìí ẹ̀. Ọkùnrin tí nǹkan kan bá ń bí nínú nípa ìyàwó rẹ̀, alárinà ló ń rán, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àbùkù ààrò ìyàwó fún arákùnrin obìnrin náà ti sọ pé kí wọ́n wá mú ọmọ wọn lọ nìyẹn. Kò sí bó ṣe fẹ́ yí i tí kò ní í túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọta ìbọn ńlá ni mo ń bọ̀ wá sọ. Òrùlé yàrá tí wọ́n ń kó wọn sí ní ọ́fíìsì ń jò, ikán sì ti jẹ àpótí. Ọ̀gá kan wá ní kí Mudzingwa kó wọn lọ sílé, kó wá ibi tí ọ̀rinrin kò ní í dé gbé wọn sí. Ibi kan ṣoṣo ló wà nínú ilé Mudzingwa tí ọ̀rinrin kì í dé, ìyẹn ni àjà òkè ààrò, níbi tí èéfín ti ń gba inú àgbàdo irúgbìn kọjá lójoojúmọ́. Irúgbìn tí Ìyá Rugare gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tó ń relé ọkọ ló wà níbẹ̀. Ọdọọdún ló ń gbìn ín, ọdọọdún ló ń yan èyí tó dáa padà sókè, kòkòrò kankan kò fẹnu bà á rí. Ó hun apẹ̀rẹ̀ kékeré kan tó ní ìdérí, ó kó ọta sí i, ó so ó kọ́ sáàárín àgbàdo ìyá rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, ibẹ̀ náà ni ǹ bá gbé e sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹ̀tù kì í ṣe irúgbìn. Ọta ìbọn kékeré ní tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú ńlá dé lọ́dún yẹn ni, inú àpótí irin lábẹ́ ibùsùn ló wà pẹ̀lú àwọn ìbọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tí mò ń wí yìí, Mudzingwa fi ìbọn ńlá pa ẹfọ̀n kan tí okùn pàkúté ti gé lẹ́sẹ̀. Ìbọn náà kò ké bó ṣe máa ń ké. Ó kàn húkọ́ ni, kò sì ti èjìká rẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe yẹ. Ẹfọ̀n náà ṣubú, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mudzingwa padà sílé, ó bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ọtí tí wọ́n fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀ òjò. Iná pọ̀ nínú ààrò. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ìdí apẹ̀rẹ̀ ọta ti jó dúdú.

"Mo ti rí i, Bàbá Rugare," ni obìnrin náà wí. "Iná ọtí ló ṣe é. Mo ti ń hun òmíràn."

"O ṣeun," ni Mudzingwa dá a lóhùn.

Ó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pé kí wọ́n fún òun ní ọta tuntun. Wọ́n ní kò sí, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ó wá pinnu nínú ara rẹ̀ pé ìbọn ńlá kò ní í jáde nínú àpótí mọ́, pé kékeré lòun á máa gbé, kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín bó ṣe wù wọ́n. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, kò sì gbé apẹ̀rẹ̀ kúrò níbẹ̀, torí pé bó bá gbé e kúrò, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀.

Nígbà tí àgbàdo gbó, akọ erin kan tó ní eyín ẹyọ kan wọ Nyamhara. Ó wó ahéré obìnrin kan tó ń ṣọ́ oko, ó tẹ obìnrin náà pa mọ́ inú rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ní kí wọ́n pa á, wọ́n sì rán Fanuel wá láti ran Mudzingwa lọ́wọ́.

Àárọ̀ ló gun kẹ̀kẹ́ dé láìgbé ìbọn, torí pé ìbọn agbègbè kan kì í kúrò níbẹ̀. Mudzingwa lóṣòó níwájú ilé, ó pàtẹ́wọ́.

"Àna mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Mo sùn bí ìwọ náà bá sùn," ni Fanuel wí, bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìkíni níbẹ̀. "Ọmọ Erin, wọ́n ní bàbá ẹ ti pa èèyàn. Mo ní kí n wá bá ẹ sìnkú ẹ̀."

"Ẹ má fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ló ń ṣe yẹ̀yẹ́? Èmi ni màá jẹ ẹran, ìwọ ni wàá máa pàtẹ́wọ́."

Ìyá Rugare gbé omi wá, ó kúnlẹ̀ síwájú àbúrò rẹ̀ bí obìnrin ti ń ṣe fún ọkùnrin níbẹ̀. "Fanuel, o ti rù. Ìyàwó ẹ ò fún ẹ lóúnjẹ ni?"

"Ó ń fún mi, ẹ̀gbọ́n mi. Kẹ̀kẹ́ yìí ló ń jẹ ẹ́."

Mudzingwa wọlé, ó gbé ìbọn kékeré jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. "Ẹ mú èyí, àna mi. Ọta tuntun ló wà nínú ẹ̀."

"Ìwọ wá ńkọ́?"

"Ìbọn kan ti tó wa. Èmi á ṣíwájú, màá máa tọ ipasẹ̀. Ẹ̀yin ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn mi."

Fanuel wò ó títí. "Lọ́wọ́ òfo? Níwájú erin tó ti tẹ èèyàn pa? Ṣé ọtí òjò yẹn ni o ṣì ń mu ni? Lọ gbé ìbọn ńlá wá."

"Ohùn ẹ̀ ò dáa mọ́, níjọ́ tí mo yìn ín kẹ́yìn."

"Orin ni wọ́n ní kó kọ ni? Níbo lo kó ọta ẹ̀ sí?"

Kí Mudzingwa tó lanu, ìyàwó rẹ̀ ti dáhùn. "Ọ̀dọ̀ mi ni. Òkè ààrò mi, níbi tí irúgbìn ìyá wa wà. Ẹ jẹ́ n lọ gbé e wá."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé apẹ̀rẹ̀ tuntun náà jáde, ó tún kúnlẹ̀, ó ṣí i. Ó ti fi òróró nu èéfín kúrò lára àwọn ọta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dán. Fanuel mú ọ̀kan, ó gbé e sójú oòrùn.

"Wò ó," ló wí. "Nǹkan tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kì í bàjẹ́." Ó wá yíjú sí Mudzingwa, pẹ̀lú ẹ̀rín tó ti ń rín láti ìgbà tó wà lórí ọrùn rẹ̀. "Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé o lẹ́jọ́ tó o fẹ́ fi sùn?"

Gbólóhùn kan ni. "Iná ẹ̀gbọ́n yín ti ba ọta yìí jẹ́." Ó wà lẹ́nu Mudzingwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ó wo ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, bó ṣe di apẹ̀rẹ̀ mú, bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn pé àbúrò òun yin òun lójú ọkọ. Ó ronú gbogbo ọdún tó fi sin àna nítorí rẹ̀. Ó tún rò ó pé bóyá ẹyọ kan tó húkọ́ yẹn nìkan ló bàjẹ́.

"Rárá o, àna mi."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe fẹ́ máa lọ, Ìyá Rugare tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ dé ẹ̀yìn ọgbà. "Òun nìkan ni ìyá mi bí tẹ̀lé mi," ló wí. "Ẹ mú un bọ̀ wálé fún mi."

"Màá mú un bọ̀," ni Mudzingwa wí.

Fanuel dá ìbọn kékeré padà fún Mudzingwa, ó gbé ńlá, ẹni tó gbé ńlá ló sì ń ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n gba inú àgbàdo tó ti wó kọjá, ipasẹ̀ erin náà fẹ̀ bí atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ọkà, ó sì dorí kọ odò Angwa. Ìrètí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Mudzingwa lára. Òdìkejì odò kò jìnnà sí ilẹ̀ Mòsáḿbíìkì, wọn ò sì ní àṣẹ láti yìnbọn níbẹ̀. Ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, ó ń fi oríkì ìdílé rẹ̀ bẹ àwọn baba rẹ̀ pé kí ẹranko náà rékọjá. Bó bá rékọjá, wọ́n á padà sílé. Òun á da àwọn ọta yẹn sódò, òun á ní wọ́n bọ́ sọnù, kí wọ́n lé òun níṣẹ́ bó bá wù wọ́n. Ó ti ń wo ibi tó máa dà wọ́n sí.

Wọ́n dé orí iyanrìn etí odò. Ipasẹ̀ náà dé ẹnu omi, ó dúró, ó mumi. Ó wá yí padà sínú igbó ṣúúrú tó wà lápá òsì.

Igbó náà ki débi pé ẹ̀yìn ẹni tó ṣíwájú nìkan ni èèyàn ń rí. Ìgbẹ́ erin wà nílẹ̀, ó ṣì ń gbóná. "Àna mi," ni Mudzingwa sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ jẹ́ ká pàrọ̀ ìbọn."

Fanuel kò wẹ̀yìn. "Dákẹ́, ọmọ Erin."

"Mo bẹ̀ yín. Ọta yẹn..."

Igi ya. Erin náà ti dúró dè wọ́n láti ìgbà yìí, ó sì jáde láìké, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara. Fanuel kò sá. Mudzingwa ló kọ́ ọ láti má ṣe sá. Ó gbé ìbọn, ó dúró títí iwájú orí ẹranko náà fi kún ojú rẹ̀, ó yìn ín síbi tó yẹ gan-an. Ìbọn náà húkọ́. Erin náà mi orí bí ẹni tí eṣinṣin bà, ó ń bọ̀. Fanuel fa irin ìbọn sẹ́yìn, ó ti òmíràn sí i, ó tún yìn ín. Èyí kàn dún tá, ọta kò jáde. Ó bojú wẹ̀yìn wo Mudzingwa lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀. Ìyàlẹ́nu ni.

Ara Fanuel dí ojú ìbọn mọ́ Mudzingwa títí erin fi mú un. Ó wá ráyè sáré sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yìn ín nídìí etí, ìbọn kékeré náà ké gidi, ẹranko náà sì kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó wó. Ọta kan péré ni. Ṣùgbọ́n orí Fanuel ló wó lé.

Àwọn ará abúlé wá pẹ̀lú ọ̀bẹ àti agbọ̀n, torí pé ebi ń pa wọ́n, erin kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún igúnnugún. Wọ́n kọ́kọ́ fi igi gbé e sókè, wọ́n fa òkú jáde. Mudzingwa kò lóṣòó fún erin náà, kò pàtẹ́wọ́, kò bẹ̀ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tó ti ń ṣọdẹ.

Ìnira ìsìnkú àna, ọrùn ọkọ ọmọ ló wà. Òun ló la igi ìdáná, òun ló pa màlúù, òun àti àwọn ọkọ ọmọ yòókù ló gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ń fi Mudzingwa ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní ọkọ́ rẹ̀ kúnú, wọ́n ní oúnjẹ ló ń dúró dè. Ọ̀rẹ́ ìdílé kan sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ níbi òkú ni láti sín òkú jẹ kí ẹkún lè dáwọ́ dúró díẹ̀. Ó dé fìlà Fanuel, ó ṣe bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́ yí àgbàlá ká, ó fi igi ṣe ìbọn léjìká. Ó wá dúró síwájú Mudzingwa, ó pa ojú dà bíi ti Fanuel gẹ́lẹ́.

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ṣé o lẹ́jọ́ tó o fẹ́ fi sùn?"

Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Wọ́n ń dúró de ìdáhùn tí gbogbo wọn mọ̀. Mudzingwa ju ọkọ́ sílẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n sì rò pé ọ̀fọ̀ lásán ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ẹbí ṣì wà ní ìjókòó, ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì. Ó kí wọn kú ìdárò. Ó ní wọ́n ti tú àwọn ọta tó ṣẹ́ kù, wọ́n sì rí i pé ẹ̀tù inú wọn ti dì bí amọ̀, pé ooru ló ṣe é. Kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n kó wọn sí, kó má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Mudzingwa dìde. "Ọwọ́ mi ni wọ́n wà, ọ̀gá. Ẹ̀bi..."

"Òkè ààrò mi ni," ni Ìyá Rugare wí láti àárín àwọn obìnrin. Kò pariwo. "Èmi ni mo so wọ́n kọ́ síbẹ̀. Èmi ni mo dáná sí wọn nídìí."

Ìyá rẹ̀ yíjú, ó wò ó. Àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀ wò ó. Ìtìjú tí Mudzingwa kò fẹ́ kó jẹ lójú ẹnì kan, ó ti wá jẹ ẹ́ lójú gbogbo ẹbí, ikú àbúrò rẹ̀ sì wà láàárín wọn.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé ilé tiwọn. Ìyá Rugare kò dáná. Ó gun orí àpótí, ó tú irúgbìn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lókè ààrò ní ìdì kọ̀ọ̀kan. Mudzingwa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ fẹ́ wọ inú igbó lọ́wọ́ òfo," ni obìnrin náà wí, láìwẹ̀yìn. "Ṣé ẹ mọ̀ ni?"

"Mo fura."

"Ẹ fura. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó bi yín léèrè, ẹ sì ní rárá."

"Bí mo bá sọ ọ́, á jẹ́ pé mò ń fi ẹ́ sùn lójú àbúrò ẹ. Á jẹ́ pé mo ní kí wọ́n wá mú ẹ lọ."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó to àgbàdo náà sí i, ó dì í.

"Ẹ̀ bá fi mí sùn, Bàbá Rugare. Ẹ̀ bá dá mi padà sílé bàbá mi. Ǹ bá bá àbúrò mi láàyè níbẹ̀."